Ilé Tí A Fi Itọ́ Mọ: Ọ̀rọ̀ Lórí Àwọn Tó Ń Wá Sáyẹ́ǹsì Nínú Àlùkùránì

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Àṣàkẹ́ ọ̀run. Ọpẹ́ ni fún Un, Ẹni tó fún ọmọ ènìyàn ní ojú láti wòye àti làákàyè láti ronú. Kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn Sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá wa nínú ẹ̀sìn Ìsìláàmù, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọ̀rọ̀ kan ti ń jà ràn-ìn láàrin wa láti ọjọ́ tó ti pẹ́, a sì rí i pé àkókò tó kí a gbé e sórí àtẹ. Ó ṣòro lónìí kí a jókòó níbi tàfúsírì Ràmàdáànì, tàbí níbi yìgì, tàbí níbi ìsọmọlórúkọ, kí ẹnì kan má dìde láti sọ pé ohun tí àwọn òyìnbó fi ẹ̀rọ olówó ńlá wá kiri kí wọ́n tó rí i, Àlùkùránì ti sọ ọ́ láti egbèje ọdún sẹ́yìn. Bí ó bá ti sọ bẹ́ẹ̀ tán, kábárà á sọ, àwùjọ á mì tìtì, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Kò sẹ́ni tí yóò bèèrè pé: áyà wo ni? Báwo ni àwọn àgbà onítàfúsírì ṣe túmọ̀ rẹ̀? Ta ló kọ́kọ́ fún un ní ìtumọ̀ tuntun yìí? Láyé kásẹ́ẹ̀tì, inú kásẹ́ẹ̀tì ni ọ̀rọ̀ náà wà. Láyé fóònù, orí WhatsApp ló kó lọ.

A kò pe àwọn tó ń sọ ọ́ ní ọ̀tá ẹ̀sìn. Ìfẹ́ ẹ̀sìn ló ń tì wọ́n. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ nìkan kò mọ ilé, àwọn àgbà sì ti wí pé ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì wá gbọ́, ohun tí a gbà gbọ́ nìyí: Àlùkùránì Alápọ̀nlé, ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun ni, mùjísà ni, kò sí ẹ̀dá tó lè mú irú rẹ̀ wá. Ohun tí a ń takò ni kí a sọ ọ́ di ìwé sáyẹ́ǹsì tí a fi àdììtú kọ, tí ó wá ń dúró de òyìnbó kí ó bá wa tú u.

ÀRÍYÀNJIYÀN YÌÍ KÒ ṢẸ̀ṢẸ̀ BẸ̀RẸ̀

Ìmáàmù Al-Ghazali, tó kú ní 1111, wà lára àwọn tó sọ pé gbòǹgbò gbogbo ìmọ̀ wà nínú Àlùkùránì, òun sì ni àwọn tó fẹ́ràn ọ̀nà yìí sábà máa ń fi ṣe ẹlẹ́rìí. Ní Íjíbítì, Tantawi Jawhari, tó kú ní 1940, kọ tàfúsírì ńlá kan tó kún fún ọ̀rọ̀ nípa ẹranko, ewéko àti ìràwọ̀, àní pẹ̀lú àwòrán. Ní 1976, Maurice Bucaille, dókítà ará Faransé, tẹ ìwé rẹ̀ jáde lórí Bíbélì, Àlùkùránì àti sáyẹ́ǹsì. Ní 1983, Sheikh Abdul-Majeed al-Zindani ará Yemen àti Keith Moore, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Kánádà tó gbóná nínú ìmọ̀ nípa ọlẹ̀ inú, gbé ẹ̀dà kan jáde nínú ìwé tí Moore fi ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ìṣègùn, tí a fi àlàyé láti inú Àlùkùránì àti Hádíìsì kún. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ti di ọ̀rọ̀ ìgboro.

Apá kejì náà wà, ṣùgbọ́n a kì í sábà gbọ́ orúkọ wọn lórí mínbárì. Ìmáàmù Ash-Shatibi ti ìlú Granada, tó kú ní 1388, ṣe àlàyé pé àwọn Sàábé tí Àlùkùránì sọ̀ kalẹ̀ lójú wọn ló ní ìmọ̀ rẹ̀ jù, kò sì sí èyí nínú wọn tó wá ìmọ̀ ìṣirò tàbí ìmọ̀ ìràwọ̀ nínú rẹ̀. Mahmud Shaltut, tó di Sheikh Al-Azhar ní 1958, takò ọ̀nà yìí. Aisha Abd al-Rahman, obìnrin onímọ̀ tí ayé mọ̀ sí Bint al-Shati, takò ó pẹ̀lú. Ǹjẹ́ kèfèrí ni àwọn wọ̀nyí? Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún ọmọ wa pé kíkọ àwọn ìtumọ̀ tuntun yìí sílẹ̀ jẹ́ kíkọ Àlùkùránì sílẹ̀, ó ti di ẹrù lé ọmọ náà lórí tí Ọlọ́hun kò dì.

ỌJỌ́ TÍ ÒÒRÙN ṢÓKÙNKÙN NÍ MẸ́DÍNÀ

Bí a bá fẹ́ mọ ìwà tó yẹ wá nínú ọ̀ràn yìí, ọ̀dọ̀ Ànábì ni kí a lọ. Ní ọdún 10 Híjírà, Ibrahim, ọmọ tí Mariyah bí fún un, kú nígbà tí kò tíì pé ọmọ ọdún 2. Lọ́jọ́ náà gan-an, òkùnkùn bo òòrùn lójú ọ̀sán. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí wí pé òòrùn ló ń ṣọ̀fọ̀ ọmọ Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun.

Ẹ rò ó wò. Mùjísà ọ̀fẹ́ rèé. Kò ná an ní nǹkan kan. Kò tilẹ̀ di dandan kí ó fọhùn. Bí ó bá kàn dákẹ́, gbogbo Lárúbáwá ni yóò máa ròyìn rẹ̀ láti ìran dé ìran pé ọ̀run fúnra rẹ̀ bá a dárò. Ṣùgbọ́n kò dákẹ́. Bàbá tí ọ̀fọ̀ ṣì ń jó lọ́kàn yìí kí ìrun pẹ̀lú wọn, ó sì là á yé wọn pé òòrùn àti òṣùpá wà lára àwọn àmì Ọlọ́hun, àti pé wọn kì í ṣókùnkùn nítorí pé ẹnì kan kú tàbí nítorí pé ẹnì kan wà láàyè. Hádíìsì náà wà nínú Bukhari àti Muslim.

Ẹni tí Àlùkùránì sọ̀ kalẹ̀ fún nìyí, tó kọ ẹ̀rí tí kì í ṣe òdodo, àní nígbà tí ẹ̀rí náà ń gbè é. Bí Òjíṣẹ́ kò bá fẹ́ kí a fi òòrùn purọ́ gbe òun, ta wá ni àwa tí a ń fi ìràwọ̀ àti ọlẹ̀ inú ṣe bẹ́ẹ̀ lórúkọ rẹ̀?

Ó tún ku ọ̀kan. Nínú Sahih Muslim, Ànábì rí àwọn ará Mẹ́dínà tí wọ́n ń fi ìtànná akọ ọ̀pẹ dábínù sára abo kí ó lè so dáadáa. Ó sọ èrò ọkàn rẹ̀ pé bóyá kò pọn dandan. Wọ́n fi í sílẹ̀, èso ọdún náà kò sì dára. Nígbà tí ó gbọ́, ó jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé nínú iṣẹ́ ayé wọn, àwọn fúnra wọn ló mọ̀ ọ́n jù. Ohun tó bá mú wá láti ọ̀dọ̀ Ọlọ́hun ni kí wọ́n dì mú. Ṣé ẹni tó sọ báyìí fún àgbẹ̀ ni a óò sọ pé ó mú ìwé ẹ̀kọ́ nípa ohun ọ̀gbìn wá láti ọ̀run?

Ẹ KA ÁYÀ DÉ ÒPIN

Ẹ jẹ́ kí á mú díẹ̀ nínú àwọn áyà tí wọ́n ń pariwo lé lórí. Èkíní ni Súratul Hadid, áyà 25, níbi tí Ọlọ́hun ti sọ̀rọ̀ irin. Ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tó wà níbẹ̀ ni "anzalna", èyí tí í ṣe pé a sọ ọ́ kalẹ̀. Wọ́n ní ìdí nìyí tí sáyẹ́ǹsì fi sọ pé inú àwọn ìràwọ̀ ńláńlá ni irin ti ṣẹ̀ kí ayé tó wà. Òdodo ni ohun tí sáyẹ́ǹsì sọ nípa irin. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí Súratuz-Zumar, áyà 6: ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni Ọlọ́hun lò fún ẹran ọ̀sìn mẹ́jọ, takọtabo. Ẹ tún ṣí Súratul A'raf, áyà 26: òun náà ni Ó lò fún aṣọ tí a fi ń bo ìhòòhò. Ṣé inú ìràwọ̀ ni màlúù àti àgùntàn ti já bọ́? Ṣé bùbá àti ṣòkòtò náà ti ibẹ̀ wá? Àwọn àgbà onítàfúsírì ti ṣàlàyé pé ohun tí Ọlọ́hun bá fi ta ẹ̀dá lọ́rẹ láti inú àpò Rẹ̀ ni a lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa rẹ̀.

Èyí tó dùn wá jù ni pé áyà irin yẹn kò dá lórí ìràwọ̀. Ó dá lórí àwọn òjíṣẹ́, ìwé àti òṣùwọ̀n, kí àwọn ènìyàn lè dúró lórí ẹ̀tọ́. Irin sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú agbára àti àǹfààní rẹ̀. Ní ìlú tí wọ́n ti ń lu ìsàlẹ̀ kóńgò wọ inú kí gàrí má baà kún un, tí aláìṣẹ̀ ń jìyà nítorí pé kò rí owó fún ẹni tí ń dájọ́, ṣé ìràwọ̀ ló yẹ kí a fi áyà yìí wàásù lé lórí? Wọ́n gbé ìwàásù ẹ̀tọ́ tì, wọ́n mú ìròyìn ìràwọ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Súratur-Rum. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ "adna" tó wà níbẹ̀ túmọ̀ sí ilẹ̀ tó rẹlẹ̀ jù láyé, ìyẹn ẹ̀bá Òkun Òkú. Ilẹ̀ tó sún mọ́ Lárúbáwá ni ọ̀pọ̀ àwọn àgbà túmọ̀ rẹ̀ sí. Ohun tó ya àwọn Sàábé lẹ́nu nínú súrà náà ni pé àwọn ará Rum tí Páṣíà ti ṣẹ́gun yóò tún borí láàrin ọdún díẹ̀, ó sì rí bẹ́ẹ̀. Ìlérí tó ṣẹ lójú ayé kò tó wọn, wọ́n tún ń fi okùn wọn jíjìn ilẹ̀.

Ẹ̀kẹta, tí í ṣe ọba gbogbo wọn, ni Súratul Mu'minun, áyà 12 dé 14, lórí bí Ọlọ́hun ṣe ń dá ọmọ nínú oyún. Ọ̀rọ̀ "alaqah" wà níbẹ̀. Láyé àtijọ́, ẹ̀jẹ̀ dídì ni a sábà ń túmọ̀ rẹ̀ sí. Nígbà tí sáyẹ́ǹsì ní ọlẹ̀ kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ dídì, wọ́n ní eṣúṣú ni, nítorí pé àwòrán ọlẹ̀ jọ eṣúṣú. Àwọn mìíràn ní ohun tó lẹ̀ mọ́ nǹkan ni. Èdè Lárúbáwá gba gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tí a jẹ́ kí ó máa yan ìtumọ̀ fún wa: kì í ṣe onímọ̀ èdè, kì í ṣe onítàfúsírì, ìwé ìṣègùn ni.

Ọmọ kan tí a kọ́ ní kéú, tó ti parí Àlùkùránì kí ó tó wọ yunifásítì, lọ kọ́ṣẹ́ dókítà. Nígbà tí wọ́n kọ́ ọ bí ọlẹ̀ ṣe ń dàgbà, wọ́n ní inú ìpele kan náà ni eegun àti iṣan ara ti ń ṣẹ̀, pé bí eegun rírọ̀ ti ń yọ ni iṣan ń yọ, àti pé iṣan ti wà níbẹ̀ kí eegun tó bẹ̀rẹ̀ sí le. Áyà sì dárúkọ eegun, ó wá ní a fi ẹran bò ó. Oníwàásù kan ti sọ fún ọmọ yìí àti ẹgbẹ́ rẹ̀ pé bí dókítà kan bá lè rí ìyàtọ̀ bí orí abẹ́rẹ́ láàrin áyà yìí àti ìwé ìṣègùn, kí wọ́n wá bá òun. Ọmọ náà kò lọ bá a. Ọ̀dọ̀ wa ló wá, ó dákẹ́ títí, ó wá ní: "Àfáà, ṣé ìrun mi ṣì dára bí ọkàn mi bá ń ṣiyèméjì?"

A ní kí ó ṣí áyà náà. Ó kà á dé 14, ó dúró, nítorí ibẹ̀ ni oníwàásù máa ń dúró. A ní kí ó máa kà á lọ. Áyà 15 sọ̀rọ̀ ikú. Áyà 16 sọ̀rọ̀ ìgbéǹde ní Ọjọ́ Àlùkìyámọ̀. A ní kí ó ṣí Súratul Hajj, áyà 5: àwọn tó ń ṣiyèméjì nípa ìgbéǹde ni Ọlọ́hun fi ìṣẹ̀dá inú oyún dá lóhùn níbẹ̀. Ìgbà náà ni ó yé ọmọ náà. Áyà yìí kò wá kọ́ni ní iṣẹ́ dókítà. Ó di ọmọ ènìyàn lọ́wọ́ mú, ó fi ibi tó ti wá hàn án, kí ó lè gbà pé ibi tí wọ́n ní ó ń lọ kò ṣòro fún Ẹni tó dá a. Ará Mẹ́kà tó ti rí oyún tó wálẹ̀, tó ti pa àgùntàn olóyún rí, gbọ́ ọ yé. Ìyá àgbà wa tí kò wọ ilé-ìwé gbọ́ ọ yé pẹ̀lú.

Ọmọ yẹn rí ẹni bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Mélòó ni kò rí? Wọn kò ní sọ fún bàbá, wọn kò ní sọ fún ìyá. Díẹ̀díẹ̀ ni ìrun yóò máa bọ́ lọ́wọ́ wọn. Bí ọmọ bá sì bọ́ báyìí, kì í ṣe Àlùkùránì ló já a kulẹ̀, àsọdùn wa ni.

ÌṢIRÒ TÍ KÒ PÉ

Àwọn kan ń ka ọ̀rọ̀. Wọ́n ní "yawm", ìyẹn ọjọ́, wà nínú Àlùkùránì ní ìgbà 365 gẹ́gẹ́ bí iye ọjọ́ inú ọdún. Kí wọ́n tó rí 365, wọn kì í ka èyí tó bá jẹ́ ọjọ́ méjì tàbí ọjọ́ púpọ̀ mọ́ ọn. Àbí ẹ kò tilẹ̀ rí i? Ọdún ta ni 365? Ọdún tí a fi ń gba ààwẹ̀, tí a fi ń lọ sí Háájì, ọdún òṣùpá ni, ọjọ́ 354 tàbí 355 ni. Ọdún òyìnbó ni wọ́n lọ fi wọn ìwé Ọlọ́hun!

Ti 19 ló sì burú jù. Rashad Khalifa, ọmọ Íjíbítì tó ń gbé ní Amẹ́ríkà, ní òun fi kọ̀ǹpútà rí i pé orí 19 ni gbogbo Àlùkùránì dúró lé. Ayé Mùsùlùmí yọ̀. Sheikh Ahmed Deedat ti South Africa, tí gbogbo wa ń bu ọlá fún, tẹ ìwé kékeré kan lé e lórí. Kí ni ó gbẹ̀yìn rẹ̀? Nígbà tí àwọn áyà kan kò bá ìṣirò rẹ̀ mu, Khalifa kò ní ìṣirò òun ló kùnà; ó ní áyà 128 àti 129 nínú Súratut-Tawbah kì í ṣe ara Àlùkùránì. Ó tún pe ara rẹ̀ ní òjíṣẹ́. Wọ́n pa á ní Tucson ní January 1990. A kò yọ̀ sí ikú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ọ̀nà yìí ń yọrí sí: ẹni tó bẹ̀rẹ̀ pé òun fẹ́ fi ìṣirò gbe Àlùkùránì ló parí rẹ̀ sí gígé áyà méjì kúrò nínú rẹ̀.

BÍ A BÁ GBA ÌWỌ̀N YÌÍ, TA NI A KÒ NÍ WỌ̀N FÚN?

Nílẹ̀ Yorùbá níbí, àwọn onífá ti ń sọ pé kọ̀ǹpútà ti wà nínú Ifá tipẹ́, nítorí pé odù 256 ni Ifá ní, bẹ́ẹ̀ ni 256 jẹ́ iye tí ìṣirò oní-méjì-méjì ti kọ̀ǹpútà máa ń dé. Àwọn Kìrìsítẹ́nì ní ìwé Jóòbù ti sọ ọ́ pé ayé kò rọ̀ mọ́ nǹkan kan, pé Àìsáyà sì ti mọ̀ pé ayé rí róbótó. Bí a bá gbọ́ ìwọ̀nyí, a máa ń rẹ́rìn-ín, a ó ní wọ́n ń fa ọ̀rọ̀ gùn. Òṣùwọ̀n kan náà mà ni! Ẹni tó bá ń fi kóńgò kan rà, tó ń fi òmíràn tà, Súratul Mutaffifin ti bá a sọ̀rọ̀.

Ẹ sì kíyè sí i pé ẹ̀yìn àwárí ni ìtumọ̀ máa ń yọ. Ní 1929, Edwin Hubble fi hàn pé àwọn àgbájọ ìràwọ̀ ń jìnnà sí ara wọn. Lẹ́yìn náà ni a gbọ́ pé ó ti wà nínú Súratudh-Dhariyat, áyà 47. Kí ni kò jẹ́ kí onítàfúsírì kan fi áyà náà sọ ọ́ fún ayé ṣáájú 1929? Ẹni tí kò lè sọ iye tó wà nínú àpò títí wọ́n fi tú u sílẹ̀, kí ó má ṣe sọ pé òun ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

IRỌ́ TÍ A FI ṢE Ọ̀ṢỌ́

Láti ibi àsọdùn, a bọ́ sínú irọ́. Wọ́n ní Neil Armstrong gbọ́ ìpè ìrun nínú òṣùpá, ó sì di Mùsùlùmí. Ọkùnrin náà sẹ́, àní ìjọba Amẹ́ríkà fi ìwé ránṣẹ́ sí àwọn aṣojú rẹ̀ ní 1983 pé kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní Jacques Cousteau, òmùwẹ̀ ará Faransé, gba Ìsìláàmù nítorí omi òkun méjì tí kò dàpọ̀. Nígbà tí ó kú ní 1997, inú Notre-Dame, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá àwọn Kátólíìkì ní Paris, ni wọ́n ti ṣe ètò ìsìnkú rẹ̀. Wọ́n ń pín àwòrán ihò gbọọrọ kan lójú òṣùpá pé ojú ibi tó ti là láyé Ànábì nìyẹn. Rima Ariadaeus ni orúkọ ihò náà. Kò ju nǹkan bí 300 kìlómítà lọ, nígbà tí yíyípo òṣùpá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 11,000. Àwa gba ọ̀rọ̀ lílà òṣùpá gbọ́ nítorí pé ó wà nínú Àlùkùránì àti Hádíìsì. A kò nílò àwòrán irọ́ láti gbà á gbọ́. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Lọ́jọ́ tí ó bá sì bá a, ẹ̀sìn ni yóò tì lójú.

OHUN TÍ ÀWỌN BABA WA ṢE

Ìgbà kan wà tí Mùsùlùmí ló ń ṣíwájú nínú ìmọ̀ yìí. Ibn al-Haytham fi yàrá òkùnkùn àti ihò kékeré wádìí títí ó fi là á yé pé ìmọ́lẹ̀ ló ń wọ ojú kí a tó ríran, tí kì í ṣe pé nǹkan ń jáde láti inú ojú. Al-Biruni gun òkè, ó wọn gíga rẹ̀, ó fi ṣírò bí ayé ti tóbi tó. Ibn al-Nafis, tó kú ní Cairo ní 1288, tó tún jẹ́ onímọ̀ òfin Ìsìláàmù, sọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń gba inú ẹ̀dọ̀fóró kọjá láti apá kan ọkàn sí apá kejì, nígbà tí Yúróòpù kò tíì mọ̀ ọ́n. Mùmíní ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọn kò jókòó ti áyà kan títí àwárí fi yọ. Wọ́n wòye, wọ́n wọ̀n, wọ́n ṣírò, wọ́n sì já àwọn àgbà bíi Galen níyàn.

Nílé wa níbí náà, nígbà tí àwọn bàbá wa dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní Èkó ní 1923, wọ́n rí i pé ọmọ Mùsùlùmí ń pàdánù ẹ̀kọ́ ìwé tàbí kí ó pàdánù ẹ̀sìn rẹ̀ nítorí ẹ̀kọ́ ìwé. Wọn kò ní gbogbo ẹ̀kọ́ náà ti wà nínú Àlùkùránì, kí a kàn jókòó. Owó ni wọ́n dá, ilé-ìwé ni wọ́n kọ́. Àwa ọmọ wọn wá sọ ìmọ̀ di ohun à ń fi kábárà kí. Ilé-kéú púpọ̀ wà lónìí tí ọmọ kò ti ní rí ìwé sáyẹ́ǹsì kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bẹ́ẹ̀ àwọn olùkọ́ wọn a máa yangàn pé gbogbo sáyẹ́ǹsì ayé, tiwa ni.

Ó sì ti dé orí ẹ̀mí. Súratun-Nahl, áyà 69, sọ pé ìwòsàn wà nínú ohun tí oyin ń mú jáde, òdodo ni. Kò sọ pé gbogbo àìsàn ló wà fún. A mọ àgbàlagbà kan tí àtọ̀gbẹ ń dà láàmú, tó da oògùn dókítà nù, tó ń fi ife mu oyin nítorí oníwàásù kan ní sáyẹ́ǹsì ti gbà fún Àlùkùránì. Ẹsẹ̀ kan ló fi lọ sí i. Ànábì wa sì ti pàṣẹ pé kí aláìsàn wá ìtọ́jú.

ÀWỌN ÈSÌ WỌN

Wọ́n á ní: Ọlọ́hun kò ha ṣe ìlérí nínú Súratu Fussilat, áyà 53, pé Òun yóò fi àwọn àmì Òun hàn wọ́n ní òkèèrè ayé àti nínú ara wọn? Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ kà á dáadáa. Òkèèrè ayé àti ara ènìyàn ni ibi tí àmì wà. Ẹni tó fi ẹ̀rọ wo ìràwọ̀, tó wo ẹ̀jẹ̀ lábẹ́ awò, ló ń jẹ́ ìpè áyà yìí. Kì í ṣe ẹni tó jókòó tó ń yí ọ̀rọ̀ lórí.

Wọ́n á ní: ọ̀pọ̀ ènìyàn ti tipa rẹ̀ gba Ìsìláàmù. A dúpẹ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá wọlé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì mú wọlé, ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì mìíràn lè mú un jáde. Ìtàn fi yé wa pé Umar, nígbà tí ó ń bínú lọ pẹ̀lú idà, gbọ́ Súratu Ta-Ha ní ilé àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọkàn rẹ̀ sì rọ̀. Kò sẹ́ni tó bá a sọ̀rọ̀ ìràwọ̀. Àní nígbà tí Ọlọ́hun pe àwọn aláìgbàgbọ́ níjà nínú Súratul Baqarah, áyà 23, súrà kan bí irú rẹ̀ ni Ó ní kí wọ́n mú wá. Ìjà náà ṣì wà nílẹ̀ dòní, kò sẹ́ni tó gbé e. Kí ló dé tí a fi ń sá kúrò lórí pápá tí a ti borí, lọ sórí pápá ẹlòmíràn?

Ẹ̀yin àfáà wa, ẹ jẹ́ kí áyà sọ ohun tó ń sọ, kí ẹ sì kà á dé òpin. Ẹ̀yin òbí, ẹ ra ìwé sáyẹ́ǹsì fún ọmọ bí ẹ ti ń ra Àlùkùránì fún un. Bí ó bá bèèrè ọ̀rọ̀ tó le, ẹ má ṣe lé e dànù, ẹ mú un lọ bá ẹni tó mọ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá gbọ́ pé sáyẹ́ǹsì ti rí èyí, Àlùkùránì ti sọ tọ̀hún, ẹ kọ́kọ́ wo áyà, ẹ wo tàfúsírì, ẹ tún bi ẹni tó mọ sáyẹ́ǹsì náà, kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ohun tó yẹ ni ló yẹ ni, okùn ọrùn kò yẹ adìẹ. Àlùkùránì kò tọrọ aṣọ lọ́wọ́ sáyẹ́ǹsì, tirẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀.

Kí Ọlọ́hun fi ìmọ̀ tó ṣe é lò jíǹkí wa, kí Ó má jẹ́ kí a di ohun ìkọ̀sẹ̀ fún àwọn ọmọ wa. Àmín. Ọlọ́hun ló mọ̀ jù.

Wasalaamu alaykum wa rahmatullahi wa barakatuhu.